Vera: Àwọn tó fi ìwádìí hàn pé kì í ṣe owó ló ń mú afurasí padà wá sí kóòtù

Ká ní ọlọ́pàá mú ẹni méjì lọ́jọ́ kan náà, ẹ̀sùn kan náà ni wọ́n sì fi kàn wọ́n. Adájọ́ fún àwọn méjèèjì ní béèlì, iye kan náà ló sì pè é. Èyí tó lówó sùn sílé rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Èyí tí kò lówó sùn sí àtìmọ́lé, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀, fún oṣù, àní fún ọdún. Kò tíì sí èyí tí kóòtù sọ pé ó jẹ̀bi nínú wọn. Owó nìkan ló fi ìyàtọ̀ sáàárín wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ti ti ará ilé rẹ̀ mọ́lé rí ní Nàìjíríà. Àmọ́ nílùú New York, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, lọ́dún 1961, àwọn èèyàn kan jókòó ti ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì gbà pé bí àwọn bá fẹ́ yí i padà, àfi kí àwọn ṣe ìwádìí rẹ̀ kí ẹ̀rí wà lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni àjọ tí wọ́n ń pè ní Vera Institute of Justice lónìí ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn wo gan-an ló dá a sílẹ̀? Kí ni wọ́n ṣe? Báwo ló sì ṣe kan Nàìjíríà? Ẹ jẹ́ ká gbé e yẹ̀ wò lẹ́sẹẹsẹ.

Kí ni béèlì wà fún?

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé owó ìtanràn ni béèlì, tàbí owó tí wọ́n fi ń bẹ ọlọ́pàá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí béèlì wà fún ni kí ó fọkàn adájọ́ balẹ̀ pé ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn yóò yọjú lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́. Òfin sọ pé ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kò tíì jẹ̀bi títí ẹ̀rí á fi fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Nítorí náà, kò yẹ kí ó máa ṣẹ̀wọ̀n kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, àyàfi bí ìdí pàtàkì bá wà.

Ní Amẹ́ríkà nígbà yẹn, bí èèyàn bá ní gbogbo owó tí adájọ́ pè, yóò san án sí kóòtù, wọ́n á sì dá a padà fún un bó bá ń yọjú títí ẹjọ́ fi parí. Bí kò bá ní i, yóò lọ bá àwọn oníṣòwò béèlì, ìyẹn àwọn tó ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn kí wọ́n tó dúró fún un. Owó tí àwọn yẹn bá gbà ti lọ nìyẹn, kódà bí kóòtù bá sọ lẹ́yìn náà pé onítọ̀hún kò jẹ̀bi. Ẹni tí kò bá sì rí owó oníṣòwò yẹn san, àtìmọ́lé ló ń lọ.

Àwọn kan ti rí ìṣòro yìí ṣáájú. Ọ̀jọ̀gbọ́n nípa òfin kan, Caleb Foote, ti kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ wo bí kóòtù ṣe ń fún èèyàn ní béèlì nílùú Philadelphia, èsì rẹ̀ sì jáde ní 1954. Ní 1958, ti New York tẹ̀lé e. Ohun tí wọ́n rí ní New York ni pé bí adájọ́ bá pe béèlì ní 500 dọ́là, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ni kì í rí i san. Ìwé náà jáde, àwọn amòfin kà á, àmọ́ kóòtù ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀.

Oníṣòwò pépà àti akọ̀ròyìn

Ẹni tó gbé owó sílẹ̀ fún iṣẹ́ Vera kì í ṣe amòfin. Louis Schweitzer lorúkọ rẹ̀. Ilẹ̀ Ukraine ni wọ́n ti bí i, Amẹ́ríkà ló ti di olówó. Onímọ̀ ẹ̀rọ nípa kẹ́míkà ni, ilé iṣẹ́ ìdílé rẹ̀ ló sì ń ṣe pépà tí wọ́n fi ń wé sìgá. Ní 1957, iléeṣẹ́ ńlá Kimberly-Clark ra ilé iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn.

Schweitzer kì í ṣe olówó tó ń jókòó ti owó rẹ̀. Ó ní takisí tirẹ̀ ní New York. Ó ra iléeṣẹ́ rédíò WBAI, nígbà tó sì di 1960, ó fi gbogbo rédíò náà ta Pacifica Foundation lọ́rẹ, ìyẹn àjọ tó ń gbé rédíò tí kì í gba ìpolówó ọjà jáde. Ẹni tó bá lè fi odidi iléeṣẹ́ rédíò tọrẹ, kò yani lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ àwọn tó wà ní àtìmọ́lé ká a lára nígbà tó gbọ́ ọ. Ohun tó gbọ́ ni pé àwọn ọ̀dọ́ wà ní àtìmọ́lé New York fún ọ̀pọ̀ oṣù, láìsí pé wọ́n dá wọn lẹ́jọ́, torí pé wọn kò rí owó béèlì san.

Ẹnì kejì rẹ̀ ni Herbert Sturz. Ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1930 ni wọ́n bí i, ní Bayonne, ní ìpínlẹ̀ New Jersey. Òun náà kò kàwé òfin. Akọ̀ròyìn ni, ìwé ìròyìn ló ń bá ṣiṣẹ́, ó sì ti kọ̀wé nípa ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú fún àwọn ọ̀dọ́. Nígbà tí iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀, kò ju ọmọ 30 ọdún lọ.

Àwọn méjèèjì yìí ló dá Vera Foundation sílẹ̀ ní 1961. Vera ni orúkọ ìyá Schweitzer, òun ni wọ́n fi sọrí.

Kí ló dé tí wọn kò kàn san owó náà?

Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí Schweitzer lọ́kàn ni ohun tí ọ̀pọ̀ aláàánú á rò: kó gbé owó kan kalẹ̀, kí wọ́n máa fi gba béèlì àwọn tí kò lówó, bí ẹjọ́ bá sì parí, kí owó náà padà wá fún ẹlòmíì. Ohun rere ni. Àwọn ìjọ, mọ́ṣáláṣí àti ẹgbẹ́ aláàánú ń ṣe irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, wọ́n ń lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n lásìkò ọdún láti san owó fún àwọn èèyàn kí wọ́n lè jáde.

Àmọ́ nígbà tí wọ́n rò ó jinlẹ̀, wọ́n rí i pé bí àwọn bá ń san owó, àwọn ti gbà pé owó ló yẹ kó ṣílẹ̀kùn nìyẹn. Àwọn tí wọ́n bá san ti wọn á jáde, ṣùgbọ́n ètò náà á dúró bó ṣe wà. Ọjọ́ tí owó àpò Schweitzer bá tán, gbogbo rẹ̀ á padà sí ibi tó wà.

Wọ́n wá yí ìbéèrè padà. Kàkà kí wọ́n béèrè pé, “Ta ló máa san owó yìí?”, wọ́n ní, “Kí ló ń mú kí èèyàn padà wá sí kóòtù gan-an?” Tó bá jẹ́ pé nǹkan mìíràn wà tó ń mú èèyàn padà wá, tí nǹkan ọ̀hún sì ṣeé béèrè, tó ṣeé wádìí, adájọ́ lè fi ìyẹn ṣe ìpinnu láìbéèrè kọ́bọ̀.

Ìbéèrè díẹ̀, kóòtù kan

Ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá ọdún 1961 ni iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní kóòtù ọ̀daràn Manhattan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní fáfitì New York University ni wọ́n lò. Àwọn ọ̀dọ́ yìí á wọ ibi tí wọ́n kó àwọn tí ọlọ́pàá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú sí, kí wọ́n tó dé iwájú adájọ́, wọ́n á sì bi wọ́n ní ìbéèrè ráńpẹ́.

Àwọn ìbéèrè náà kò le. Níbo lò ń gbé, ó sì ti tó ọdún mélòó? Ta lẹ jọ ń gbé? Ǹjẹ́ ò ń rí àwọn ẹbí rẹ déédéé? Iṣẹ́ wo lò ń ṣe, ìgbà wo lo ti wà níbẹ̀? Ṣé kóòtù ti dá ẹ lẹ́bi rí? Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní máàkì. Ẹni tó ti pẹ́ nínú ilé kan gba máàkì ju ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọlé. Ẹni tó ń gbé pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ gba máàkì ju ẹni tó ń dá gbé tí kò sì rí wọn. Ẹni tó bá ní máàkì 5, tó sì ní àdírẹ́sì nílùú náà, lè rí àtìlẹ́yìn Vera gbà.

Kì í ṣe pé wọ́n kàn ń gba ọ̀rọ̀ ẹnu afurasí gbọ́. Lẹ́yìn ìbéèrè, akẹ́kọ̀ọ́ náà á tẹ ẹni tó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ tàbí ọ̀gá níbi iṣẹ́ láago, tàbí kó wá mọ̀lẹ́bí rẹ̀ rí nínú kóòtù, láti mọ̀ bóyá òótọ́ ló sọ. Ó tó di pé ó dá wọn lójú ni wọ́n tó ń dá a lámọ̀ràn fún adájọ́ pé ẹni yìí ṣeé fi sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, láìgba owó. Wọ́n yọ àwọn tó ní ẹ̀sùn tó wúwo, bí ìpànìyàn, sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn yẹn kò sí nínú ètò náà.

Yorùbá ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ohun tí Vera ń ṣe nìyẹn. Wọ́n ń wo ilé tí èèyàn ti wá, àwọn tó so mọ́, àti ohun tó máa pàdánù bó bá sá lọ.

Ibi tí ìwádìí ti yàtọ̀ sí èrò ọkàn

Ibí ni ẹ óò ti rí ìdí tí wọ́n fi ń pe Vera ní àjọ ìwádìí. Bí wọ́n bá kàn dá gbogbo ẹni tó yẹ lámọ̀ràn, àwọn alátakò á sọ pé àwọn adájọ́ ì bá ti fi àwọn wọ̀nyẹn sílẹ̀ náà, ìbáà má sí Vera. Wọ́n wá pín àwọn tó kúnjú ìwọ̀n sí ọ̀nà méjì láìṣe ojúsàájú. Ìdajì àkọ́kọ́, wọ́n gbé ìwé wọn fún adájọ́ pẹ̀lú ìmọ̀ràn. Ìdajì kejì, wọ́n fi ìwé tiwọn pamọ́, wọ́n kàn ń wo ohun tí kóòtù máa ṣe fún wọn. Irú èèyàn kan náà ni ìdajì méjèèjì. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé adájọ́ rí ìwé àwọn kan, kò rí ti àwọn yòókù.

Ó le gan-an láti ṣe bẹ́ẹ̀, torí pé àwọn kan wà tí Vera mọ̀ pé wọ́n yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń fi sílẹ̀, tí wọn kò sì sọ fún adájọ́. Àmọ́ láìsí ìyẹn, kò sí bí èèyàn ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá ètò náà ń ṣiṣẹ́.

Charles Ares, olùkọ́ òfin ní New York University, àti Anne Rankin, olùwádìí, pẹ̀lú Sturz, ló kọ èsì àkọ́kọ́ jáde ní 1963. Nínú àwọn tí Vera dá lámọ̀ràn, kóòtù fi 59 nínú 100 sílẹ̀ láìgba owó. Nínú ìdajì kejì, 16 péré nínú 100 ni.

Èyí tó yani lẹ́nu jù ni ibi tí ẹjọ́ náà parí sí. Nínú àwọn tó ń ti ilé wá jẹ́jọ́, 60 nínú 100 ni kóòtù dá sílẹ̀ tàbí tí wọ́n fagi lé ẹjọ́ wọn. Nínú ìdajì kejì, 23 nínú 100 ni. Nínú àwọn tó ti ilé wá tí wọ́n sì jẹ̀bi, ẹnì kan nínú mẹ́fà ló lọ sẹ́wọ̀n. Nínú ìdajì kejì, 96 nínú 100 àwọn tó jẹ̀bi ló lọ.

Kí ló fà á? Ẹni tó wà nílé lè wá ẹlẹ́rìí rẹ̀ lọ. Ó lè jókòó pẹ̀lú agbẹjọ́rò. Iṣẹ́ rẹ̀ ò tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà ó lè fi han adájọ́ pé èèyàn gidi lòun. Ó wẹ̀, ó fárí, ó wọṣọ tó mọ́ wá sí kóòtù. Ẹni tó wà ní àtìmọ́lé kò ní ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí. Àwọn mìíràn tiẹ̀ máa ń gbà pé àwọn jẹ̀bi torí pé ìyẹn ló máa yára mú wọn délé. Àtìmọ́lé ti di ẹlẹ́rìí tako ẹni tó wà nínú rẹ̀.

Ìbéèrè tó kù ni: ṣé àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ padà wá? Láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà títí di oṣù Kẹrin 1964, nǹkan bí 10,000 èèyàn ni wọ́n bi ní ìbéèrè, wọ́n dá nǹkan bí 4,000 lámọ̀ràn, kóòtù sì fi 2,195 sílẹ̀. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré nínú wọn ni kò yọjú. Ìyẹn ò tó ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún.

Láti kóòtù kan dé ilé aṣòfin

Èsì yìí ló ṣe ohun tí ìwé Foote kò rí ṣe. Ní 1964, ìlú New York gba ètò náà lọ́wọ́ Vera, wọ́n sì gbé e fún ọ́fíìsì ìjọba tó ń mójú tó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, iléeṣẹ́ ìdájọ́ Amẹ́ríkà àti Vera jọ pe ìpàdé ńlá lórí béèlì ní Washington. Robert Kennedy, àbúrò ààrẹ John Kennedy tí wọ́n pa, ni mínísítà ìdájọ́ nígbà náà. Ó wà lára àwọn tó gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ilé aṣòfin àgbà, iye 2,195 àti 15 yẹn wà lára ohun tó kà sí wọn létí.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 1966, ààrẹ Lyndon Johnson buwọ́ lu òfin tuntun lórí béèlì fún àwọn kóòtù ìjọba àpapọ̀. Òfin náà ní kí adájọ́ kọ́kọ́ rò ó bóyá afurasí ṣeé fi sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kó tó dárúkọ owó. Lọ́dún kan náà, pẹ̀lú owó ìrànlọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ Ford Foundation, Vera Foundation di Vera Institute of Justice.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe ti béèlì ni wọ́n wá gbà ṣe àwọn iṣẹ́ tó kù: dán an wò níbi kékeré, ka iye rẹ̀, bó bá dára, gbé e fún ìjọba, kó o bọ́ sẹ́yìn. Ní 1964, wọ́n bá ọlọ́pàá dán an wò pé fún ẹ̀sùn kéékèèké, kí wọ́n fún èèyàn ní ìwé ìpè sí kóòtù dípò kí wọ́n tì í mọ́lé. Ní 1967, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní àdúgbò Bowery, níbi tí àwọn ọ̀mùtí ti ń sùn sójú títì. Wọ́n ń gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà dípò àgọ́ ọlọ́pàá. Ní 1972, Wildcat bẹ̀rẹ̀, ètò tó ń fún àwọn tó ti ẹ̀wọ̀n dé àti àwọn tó ń jáwọ́ nínú oògùn olóró níṣẹ́.

Schweitzer kú ní 1971. Sturz darí àjọ náà títí di 1978, kó tó lọ di igbákejì olórí ìlú New York lórí ọ̀rọ̀ ìdájọ́ ọ̀daràn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Michael Smith, tó ti kọ́kọ́ ṣe olórí ọ́fíìsì tí Vera ṣí sí London láàárín ọdún 1970 sí 1980. Christopher Stone gbà á ní 1994, Michael Jacobson, tó ti ṣe ọ̀gá àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n New York rí, tẹ̀lé e, Nicholas Turner sì gbà á ní 2013.

Ọwọ́ Vera dé Nàìjíríà

Lásìkò Stone ni ọ̀rọ̀ náà kan Nàìjíríà gbọ̀ngbọ̀n. Ní oṣù Kìíní 1998, lábẹ́ ìjọba ológun, Innocent Chukwuma dá àjọ CLEEN sílẹ̀ ní Èkó. Chukwuma ti bá ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ Civil Liberties Organisation ṣiṣẹ́, ìwà ọlọ́pàá sí aráàlú ló sì ń tọ pinpin níbẹ̀. Ohun tó wá ṣe pẹ̀lú CLEEN ni pé kí wọ́n má fi mọ sórí pé kí wọ́n máa bú ọlọ́pàá, kí wọ́n máa kó ẹ̀rí jọ, kí wọ́n sì jókòó pẹ̀lú ọlọ́pàá lórí rẹ̀.

Ní 2004, Vera, CLEEN àti àwọn àjọ ìwádìí láti Brazil, Chile, India àti Rọ́ṣíà para pọ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Altus. Ọ̀kan lára iṣẹ́ wọn ni ọ̀sẹ̀ ìbẹ̀wò sí àgọ́ ọlọ́pàá. Aráàlú lásán, ìyá ọlọ́jà, akẹ́kọ̀ọ́, tíṣà, á lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá àdúgbò wọn pẹ̀lú fọ́ọ̀mù ìbéèrè kan náà tí wọ́n ń lò káàkiri àgbáyé. Wọ́n á wo bí wọ́n ṣe gbà wọ́n, bóyá ibẹ̀ mọ́, bóyá wọ́n ń ṣe ojúsàájú, bóyá ohun tí wọ́n ń ṣe hàn sí gbangba, àti bí ibi àtìmọ́lé ṣe rí. Wọ́n á wá fún un ní máàkì. Ẹ̀mí kan náà ni pẹ̀lú ti Manhattan: ìbéèrè tí kò le, ìdáhùn tí èèyàn lè kà.

CLEEN gba àmì ẹ̀yẹ MacArthur Foundation ní 2006. Kẹ́mi Okenyodo wà lára àwọn tó darí àjọ náà lẹ́yìn Chukwuma, ẹni tó lọ di aṣojú Ford Foundation fún Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ní 2013. Ọdún kan náà ni ikú mú olùdásílẹ̀ CLEEN àti ẹni tó bá Schweitzer dá Vera sílẹ̀: Chukwuma kú ní Èkó ní oṣù Kẹrin 2021, Sturz sì kú ní oṣù Kẹfà, lẹ́ni 90 ọdún.

Ìṣòro náà ò tíì tán

Kò yẹ kí èèyàn rò pé Vera ti yanjú ọ̀rọ̀ béèlì ní Amẹ́ríkà. Òfin 1966 kò de kóòtù àwọn ìpínlẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ wà. Àwọn oníṣòwò béèlì ṣì ń ṣòwò wọn ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀.

Ní 2010, ní New York kan náà, wọ́n mú ọmọ ọdún 16 kan, Kalief Browder, wọ́n ní ó jí báàgì. Béèlì rẹ̀ jẹ́ 3,000 dọ́là, àwọn ẹbí rẹ̀ kò rí i san. Nǹkan bí ọdún mẹ́ta ló lò ní àtìmọ́lé Rikers Island, ó sì pẹ́ nínú yàrá àdánìkanwà. Ní 2013 wọ́n fagi lé ẹjọ́ náà láì gbọ́ ọ rárá. Lẹ́yìn ọdún méjì, ó gbẹ̀mí ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lára ohun tó mú kí ìpínlẹ̀ New York ṣe òfin ní 2019 tó mú béèlì olówó kúrò lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn tí kò la ipá lọ. Láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2020, ìjà lórí òfin náà ò dáwọ́ dúró, wọ́n sì ti tún un ṣe léraléra.

Àwọn kan tún bu ẹnu àtẹ́ lu máàkì náà fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò nílé, tí kò níṣẹ́, tí ẹbí rẹ̀ sì jìnnà, báwo ló ṣe fẹ́ rí máàkì 5? Ìbéèrè tí wọ́n fi ran tálákà lọ́wọ́ tún lè ti tálákà paraku sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àwọn olùwádìí ṣì wà lẹ́nu ìyẹn.

Kí ni ó yẹ ká mú níbẹ̀?

Ní Nàìjíríà, ó ti pẹ́ tí àkọsílẹ̀ iléeṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n ti ń fi hàn pé nínú ẹni mẹ́ta tó wà lẹ́wọ̀n, ó tó méjì tí wọn kò tíì dá lẹ́jọ́. Kì í ṣe pé òfin kò sí. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè, abala 35, ní kí wọ́n gbé ẹni tí wọ́n bá mú dé kóòtù láàárín ọjọ́ kan bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, bí kò bá sí, láàárín ọjọ́ méjì tàbí iye tí kóòtù bá rí pé ó yẹ. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tuntun ní 2007, ìjọba àpapọ̀ ṣe tirẹ̀ ní 2015, àwọn ìpínlẹ̀ yòókù nílẹ̀ Yorùbá náà sì ti ṣe tiwọn. Òfin 2015 yẹn sọ pé béèlì kò gbọdọ̀ kọjá agbára. Ó tún sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ̀ kí obìnrin ṣe onídùúró torí pé ó jẹ́ obìnrin.

Àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n sábà máa ń béèrè lọ́wọ́ onídùúró: kó ní ilẹ̀ tàbí ilé, kó ní ìwé rẹ̀ lọ́wọ́, kó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti dé ipò báyìí, kó mú ìwé owó orí wá. Kí ni gbogbo rẹ̀ ń wò? Owó àti ipò ni. Onímọ́tò tó ti ń gbé àdúgbò kan láti 20 ọdún, tí ọmọ rẹ̀ ń lọ ilé ìwé níbẹ̀, tí ẹgbẹ́ awakọ̀ mọ̀ ọ́n, tí baálé mọ bàbá rẹ̀, lè má mọ òṣìṣẹ́ ìjọba kankan. Bí a bá fi ìbéèrè Vera wò ó, máàkì rẹ̀ á pé. Bí a bá fi tiwa wò ó, ọgbà ẹ̀wọ̀n ló ń lọ.

Ohun tó ṣeé ṣe wà nílẹ̀. Bí wọ́n bá mú èèyàn yín, ẹ má dúró di ọjọ́ kóòtù kí ẹ tó kó ẹ̀rí ibi tó so mọ́ jọ: ìwé ẹ̀rí ilé tàbí háyà, orúkọ àti nọ́ńbà ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, ìwé láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ onílé àdúgbò tàbí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, àti mọ̀lẹ́bí tó máa jókòó nínú kóòtù. Ẹ gbé e fún agbẹjọ́rò kó fi bẹ adájọ́ pé kí ó dín béèlì kù. Ẹni tí kò lágbára agbẹjọ́rò lè lọ sọ́dọ̀ Legal Aid Council, ní Èkó ó tún lè lọ sí Office of the Public Defender. Ẹ sì rántí pé ọ̀fẹ́ ni béèlì ní àgọ́ ọlọ́pàá, àwọn ọlọ́pàá fúnra wọn ló kọ ọ́ sára ògiri.

Èyí tó kù wà lọ́wọ́ ìjọba àti àwọn kóòtù. Ní Manhattan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin, tẹlifóònù àti fọ́ọ̀mù ìbéèrè ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Fáfitì tó ń kọ́ni ní òfin wà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, tẹlifóònù sì wà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn. Ìpínlẹ̀ kan lè bẹ̀rẹ̀ ní kóòtù májísíréètì kan ṣoṣo: kí wọ́n bi àwọn tí wọ́n mú léèrè ọ̀rọ̀, kí wọ́n wádìí rẹ̀, kí wọ́n gbé e fún adájọ́, kí wọ́n sì ka iye àwọn tó padà wá. Títí a ó fi kà á, ẹni tí kò lówó ni yóò máa sùn sí àtìmọ́lé, a ò sì ní mọ iye nínú wọn tí ì bá ti ilé wá jẹ́jọ́ fúnra wọn.